Kìnnìún Cannes: ta ni ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan láti São Paulo, DM9, gba Grand Prix, ẹ̀bùn tó ga jù, níbi Cannes Lions, àjọ̀dún ìpolówó ní ilẹ̀ Faransé. Inú wọn kò tíì dùn tán tí ariwo fi ta. Fídíò tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn náà, wọ́n ti fi AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá, tún apá kan rẹ̀ ṣe. Ìròyìn tí CNN Brasil gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n yí padà, tó fi wá dà bí ẹni pé iṣẹ́ tiwọn ni akọ̀ròyìn ń yìn. Wọ́n tún mú àsọyé tí obìnrin kan tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ ní ìpínlẹ̀ North Carolina ṣe ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ sí i lẹ́nu.

Àwọn alájọ̀dún gba Grand Prix náà padà. DM9 fúnra wọn fa iṣẹ́ méjì mìíràn yọ, ọ̀gá tó wà nídìí iṣẹ́ àtinúdá wọn sì fipò sílẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni àjọ̀dún náà fi Brazil ṣe orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń yẹ́ sí fún ọgbọ́n àtinúdá. Ẹni tí wọ́n ń kì, tó wá ṣubú lójú agbo.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìròyìn kò dúró ṣàlàyé. Fídíò tó dá wàhálà sílẹ̀ yìí, ará Brazil kankan kò jókòó sílé wò ó gẹ́gẹ́ bí ìpolówó. Fídíò tí ilé-iṣẹ́ ìpolówó máa ń ṣe fún adájọ́ ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, tó ń sọ pé: ìṣòro báyìí wà nílùú, èrò báyìí la gbé kalẹ̀, ẹ wo iye ènìyàn tó rí i, ẹ wo bí tẹlifíṣọ̀n ṣe gbé e, ẹ wo bí ayé ṣe yí padà. Case film ni àwọn ará ìdí iṣẹ́ ń pè é. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ìpolówó tó ń polówó ìpolówó ni.

Bí a ṣe dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, bí ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń sọ̀rọ̀ ti yí padà lójú wa, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ gan-an sì ti ń yí padà. Kò síbi tó ti hàn tó Cannes.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹni tó ń kiri àgbàdo sísun, tó ń ké “Lángbé jinná o!”, mọ ẹni tó ń pè: ẹni tébi ń pa tó wà nínú ilé. Àjọ̀dún yìí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1954, àwọn tó ń ta àyè ìpolówó nínú ilé sinimá rí i pé àwọn tó ń ṣe fíìmù gidi ní àjọ̀dún tiwọn ní Cannes, wọ́n ní àwọn náà yóò ní tiwọn. Venice ní Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé. Fíìmù 187 láti orílẹ̀-èdè 14 ló dé iwájú wọn, ìpolówó ọṣẹ ìfọyín Chlorodont láti Ítálì ló sì gbégbá orókè. Kìnnìún abìyẹ́ tó wà ní gbàgede San Marco ní Venice ni wọ́n wò ṣe ère ẹ̀bùn wọn, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá yege fi ń “gba Kìnnìún” títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fi Venice sílẹ̀, tí wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Cannes lọ́dún 1984. Lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ wa. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ni WNTV ṣí ní Ìbàdàn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún tó jẹ́ pé fíìmù nìkan ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ní 1992 ni wọ́n fi ti ìwé ìròyìn àti pátákó ẹ̀bá ọ̀nà kún un, íntánẹ́ẹ̀tì dé ní 1998, rédíò ní 2005. Nígbà tó di 2011, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà “ìpolówó” kúrò nínú orúkọ àjọ̀dún, wọ́n ń pè é ní àjọ̀dún ọgbọ́n àtinúdá. Iṣẹ́ tó wọlé lọ́dún 2025 lé ní 26,000, ọgọ́rọ̀ọ̀rún yúrò sì ni wọ́n ń san lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń san irú owó yẹn kó má fẹ́ kí adájọ́ rí òun.

Ká padà sí ìgbà tí nǹkan ṣì rọrùn. Ní 2003, IKEA ló gba Grand Prix fún fíìmù. Obìnrin kan yọ àtùpà orí tábìlì kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e síta sẹ́bàá títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdọ̀tí. Ilẹ̀ ṣú, atẹ́gùn ń fẹ́, òjò dé. Dùùrù ń dún bí ẹni ń sunkún. Kámẹ́rà bọ́ sẹ́yìn àtùpà náà, ó wá dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń wo ojú fèrèsé lókè, níbi tí àtùpà tuntun ti ń tàn lórí àyè tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àánú ti ń ṣe olùwòran. Lójijì ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ti ará Sweden yọ nínú òjò, ó kọjú sí wa, ó ní ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń káàánú àtùpà yìí, orí yín ló dàrú. Àtùpà kò mọ nǹkan kan lára, tuntun sì dáa jù ú lọ. Ó bá tirẹ̀ lọ. Spike Jonze ló darí rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mo ti wo ìpolówó yìí kọjá iye tí mo lè kà, mo ṣì máa ń káàánú àtùpà yẹn. Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé ohun tí adájọ́ rí nínú yàrá tó ṣókùnkùn ní Cannes ni ẹni tó wà lórí àga rẹ̀ nílé rí. Kò sẹ́ni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń sọ fún un.

Bákan náà ni ti Cadbury tó gba Grand Prix ní 2008. Ìnàkí kan jókòó sídìí ìlù òyìnbó, imú rẹ̀ ń ṣí ó ń pa dé, ohùn Phil Collins ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Kò ṣe nǹkan kan. Ó pẹ́ títí, o fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́ èémí rẹ̀, kó tó wá fi igi lé ìlù bí ẹni tí ẹ̀mí gùn. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ni gbogbo rẹ̀, ṣokoléètì kò sì yọjú àfi níparí. Ọmọ Àyàn kan lè ní ìlù náà kò dé ibì kan, ṣùgbọ́n òun náà á rẹ́rìn-ín. Àṣà tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ṣì wà láàyè: kí ìpolówó má mẹ́nu ba ọjà rárá, kó fún olùwòran ní inú dídùn kan, kí orúkọ ọjà wá jókòó sórí inú dídùn yẹn.

Ní àárín méjèèjì ni ìpolówó Dove kan wá, tí wọ́n ṣe ní Toronto. Ọmọbìnrin kan jókòó, wọ́n kun ojú rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kọ̀ǹpútà wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ó fa ọrùn rẹ̀ gùn, ó sọ ojú rẹ̀ di ńlá, títí ọmọ tó jókòó níbẹ̀rẹ̀ kò fi jọ ẹni tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ayé ti rí i. Lọ́dún 2007 ó gba Grand Prix ti fíìmù, ó tún gba ti íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ yẹn, ògiri tó wà láàárín “ìpolówó tẹlifíṣọ̀n” àti “fídíò” ti wó. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Old Spice gbà á, ìyẹn ọkùnrin aláyà gbooro tó ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ láti inú bálùwẹ̀, tó fi bọ́ sórí ọkọ̀ ojú omi, tó fi dórí ẹṣin. Nígbà tí ẹnu ayé ti kún fún un, wọ́n gbé e sórí YouTube, ó ń dá àwọn ènìyàn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ wọn, fídíò tó lé ní 180 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Olùwòran tó ti ń jókòó wò tẹ́lẹ̀ ti wá di ẹni tí ìpolówó ń dá lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé kan. Lọ́dún 1999 ni Guinness gbé Michael Power jáde ní Áfíríkà, akọni tó máa ń gba ènìyàn là lórí tẹlifíṣọ̀n kó tó di pé ó mu ọtí rẹ̀. Ó gbilẹ̀ dé Nàìjíríà, Ghana, Cameroon àti Kenya, ó sì gbajúmọ̀ débi pé ní 2003 wọ́n ṣe odindi fíìmù sinimá nípa rẹ̀. Ọdún 2012 ni Cannes tó dá ìsọ̀rí ẹ̀bùn sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, níbi tí ìpolówó ti di eré gidi. Ẹni tó bá ní Áfíríkà máa ń tẹ̀lé ni, kó rántí ọ̀gbẹ́ni yẹn.

Láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nǹkan méjì tó ta ko ara wọn ló ń ṣẹlẹ̀ sí gígùn ìpolówó. Àwọn kan ń kúrú, àwọn kan ń gùn, tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tí a mọ̀ láti kékeré kò fi mọ ibi tí yóò jókòó sí mọ́.

Nínú èyí tó kúrú, kò tíì sí èyí tó gbọ́n tó ti Geico, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ará Amẹ́ríkà, tó gba Grand Prix ní 2015. Gbogbo wa la mọ bọ́tìnì tó máa ń yọ lórí YouTube lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, tó ní kí o fo ìpolówó. Ọwọ́ wa ti máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Geico lo ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún yẹn. Ìdílé kan ń jẹun alẹ́ nídìí tábìlì, ìyá sọ gbólóhùn kan nípa owó tí wọ́n fi pamọ́, ohùn kan ní o kò lè fo ìpolówó yìí torí ó ti parí. Àmì ilé-iṣẹ́ wọlé. Ó parí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fídíò kò dúró: bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ dì gbagidi bí ẹni tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, àwọn òṣèré ló ń mú ara wọn dúró, o lè rí i pé ojú ọmọ kan ń yí. Ajá wọn nìkan ni kò gbọ́ pé wọ́n ní kí wọ́n dúró. Ó gba sìpàgẹ́tì lórí fọ́ọ̀kì bàbá, ó gun àga, ó gun tábìlì, ó jẹ ti gbogbo wọn, ó da ohun mímu sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè ní “ṣíọ̀!” sí i. Àwọn tó ti fẹ́ tẹ bọ́tìnì gbé ọwọ́ wọn kúrò kí wọ́n lè mọ ibi tí ajá yóò bá a dé.

Èyí tó gùn wá ńkọ́? Channel 4 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpolówó ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ìdíje Paralympics ti Rio ní 2016. Àwọn abirùn tó lé ní 140 ló wà nínú rẹ̀: onílù tó fi ẹsẹ̀ lu ìlù, ìyá tó fi ẹsẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀, awakọ̀, eléré ìdárayá. Ó gba Grand Prix ní 2017. Nike náà ṣe ti ìṣẹ́jú mẹ́ta ní 2018 nípa àwọn ọ̀dọ́ London tó ń fọ́nnu léra wọn lórí, èyí tó sọ pé tòun le ni ẹlòmíràn á ní tòun ló le jù. Joseph Adenuga tí ayé mọ̀ sí Skepta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Tottenham, wà lára àwọn ìràwọ̀ inú rẹ̀. Ojú ìpolówó tẹlifíṣọ̀n pátápátá ló ní, ṣùgbọ́n Grand Prix ti ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ló gbà. Kò pẹ́ sígbà tó jáde, Nike ní láti yọ ọ́ kúrò nítorí ẹjọ́ lórí lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n fi gé ọ̀rọ̀ náà “Londoner” kúrú, tí ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní àwọn làwọn ní irú rẹ̀.

Àwa tó ń ra dátà ní gìgábáìtì mọ̀ pé gígùn ìpolówó lówó nínú. Ẹni tí yóò fi dátà ara rẹ̀ wo ìpolówó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ fún un. Ìdí kan nìyẹn tí orin àti àwàdà fi ń ta lọ́dọ̀ wa ju ìwàásù lọ. Àwọn ọmọdé tó mọ orin Indomie lórí, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Ìwàásù sì ni Cannes fi ọ̀pọ̀ ọdún fẹ́ràn. Láti bíi 2013 sókè, ìpolówó tó bá fẹ́ gba Kìnnìún ń gbìyànjú láti tún ayé ṣe: ẹ̀tọ́ obìnrin, àyíká, ìyà ẹ̀yà, àwọn aṣíkiri. Ní 2015 wọ́n dá Kìnnìún kan sílẹ̀, Glass, fún iṣẹ́ tó bá gbógun ti ìyàsọ́tọ̀ láàárín akọ àti abo. Mi ò ní bú gbogbo rẹ̀. Libresse, ẹni tó ń ta páàdì, ṣe ohun kan ní 2017 tó yẹ kí wọ́n ti ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo wa la dàgbà wo ìpolówó páàdì tí wọ́n ti ń da omi aláwọ̀ búlúù sórí rẹ̀, bí ẹni pé obìnrin ń ṣe nǹkan oṣù ní búlúù. Libresse lo pupa. Ó tán. Ọjà tí wọ́n ń tà gan-an ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, ẹni tó ń rà á sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó AMV BBDO ní London ló ṣe é, ó sì gba Grand Prix ti Glass ní 2018.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó ń ta ọtí, ẹni tó ń ta bàtà, ẹni tó ń ta bísíkíìtì, gbogbo wọn bá ń gba ayé là lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń ṣòro láti mọ èyí tí wọ́n ṣe fún ará ìlú àtèyí tí wọ́n ṣe fún ìgbìmọ̀ adájọ́. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ ìpolówó ńlá kan ní Singapore gba Kìnnìún idẹ fún áàpù kan tí wọ́n ní ó ń fi àwòrán láti ojú sánmà ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti wá ọkọ̀ ojú omi àwọn aṣíkiri tó wà nínú ewu. Àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà wo inú rẹ̀, wọ́n bá a pé àwòrán kan náà ló ń fi hàn gbogbo ènìyàn. Wọ́n dá Kìnnìún padà. Kò sí ẹni tí áàpù náà rí nínú òkun.

Ó dà bí ẹni pé ìwàásù ti ń su àwọn adájọ́ pàápàá. Ní 2024, wọ́n fi ìsọ̀rí tuntun kún un fún lílo àwàdà. Ẹ gbọ́ ná: àjọ̀dún tó fún ọkùnrin inú òjò tó ń bú wa ní ẹ̀bùn ní 2003 ní láti dá àyè ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rín ní 2024.

Lọ́dún 2024 yẹn kan náà ni ìpolówó Orange, ilé-iṣẹ́ fóònù ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó gba Grand Prix fún fíìmù. Wọ́n ti ṣe é ní 2023, nígbà tí ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn obìnrin kù díẹ̀. O ń wo bọ́ọ̀lù: Mbappé gba bọ́ọ̀lù, ó fi tan ẹnìkan jẹ, ó sá lọ bí ọta; Griezmann gbá a wọlé. Ariwo, ìdùnnú, àwọn òǹwòran dìde. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ kan yọ sójú fídíò pé àwọn ọkùnrin kọ́ lo wò. Wọ́n dá fídíò padà sẹ́yìn, ojú ọkùnrin náà bọ́ bí ìbòjú, obìnrin ló wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìran bọ́ọ̀lù yẹn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ilẹ̀ Faransé ló gbá a. Kọ̀ǹpútà ló fi orí àwọn ọkùnrin lé ọrùn wọn.

Mo fi fídíò yìí han àwọn ọmọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù onígèrì tí mo ti ń gẹ irun. Wọ́n ti ń jiyàn nípa Mbappé kó tó dé àárín, ọ̀kan ní òun rántí góòlù náà, òun mọ pápá tí wọ́n ti gbá a. Nígbà tí ojú bọ́, gbogbo wọn pa rọ́rọ́. Ẹni tó rántí góòlù wo ilẹ̀. Onígèrì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kílípà ṣì ń dún lọ́wọ́ rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n wá ń tà?”

Mo ní fóònù ni. Ó ní hẹn-ẹn.

Ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Fíìmù náà dára, ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ jinlẹ̀, ó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe sí àwọn ọmọkùnrin yẹn lójú mi. Síbẹ̀ iṣẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni àtùpà ṣe fún IKEA, tí ajá ṣe fún Geico, Orange kò ṣe é fún ara rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Adájọ́ kì í béèrè ìbéèrè onígèrì, torí orúkọ ọlọ́jà ti wà lórí fọ́ọ̀mù tó wà níwájú rẹ̀.

Ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tó fi orí Mbappé lé ọrùn obìnrin gba àwọn ọ̀jáfáfá ní ọ̀pọ̀ àsìkò. Ní báyìí, AI ti ń sọ irú rẹ̀ di ohun tí ẹnìkan lè jókòó ṣe nínú yàrá. Ní oṣù kẹfà 2024, ní Cannes gan-an, Toys “R” Us fi fíìmù kékeré kan han àwọn ènìyàn tó jẹ́ pé Sora, irinṣẹ́ AI ti OpenAI, ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ojú ọmọ inú rẹ̀ ń yí padà láti ìran kan sí èkejì. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Kalshi, ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó lé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la, gbé ìpolówó kan sí àárín ìdíje àṣekágbá NBA ní Amẹ́ríkà, tí ènìyàn kan fi AI ṣe ní ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú nǹkan bí $2,000. Nínú rẹ̀, ẹnìkan wà nínú adágún tó kún fún ẹyin, nǹkan ò jọra wọn. Kò sẹ́ni tí wọ́n tàn jẹ, torí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé irọ́ ni. Ó pa wá lẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ibi tí AI ti ba nǹkan jẹ́ gan-an ni ibi tí ará ìlú kò ti lè rí i, ìyẹn inú case film. Ìpolówó tó bá jáde sórí tẹlifíṣọ̀n ní ẹlẹ́rìí: àwa tó wò ó. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, ẹnìkan á pariwo. Case film kò ní ẹlẹ́rìí kankan yàtọ̀ sí adájọ́ tó rẹ̀, tó ti wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ láti àárọ̀, tí kò gbọ́ èdè Potogí, tí kò sì mọ̀ bóyá ìròyìn CNN Brasil tó ń wò jẹ́ òótọ́. Irọ́ ti wà nínú wọn kí AI tó dé. Wọ́n á gbé iye ènìyàn tó rí i sókè, wọ́n á gbé ìpolówó jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóru kí wọ́n lè ní ó jáde, nígbà míì ẹni tó ni ọjà kò tilẹ̀ béèrè fún un. AI kàn mú kí ó rọrùn láti dá ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ̀yìn ìṣẹ̀lẹ̀ DM9 ni Cannes tó gbé òfin tuntun jáde fún àwọn tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ wọlé. Ẹni tó bá lo AI gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti lò ó, ọlọ́jà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun ló ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, ẹni tí wọ́n bá sì mú pẹ̀lú irọ́ lè di ẹni tí wọ́n tì síta.

Lọ́dọ̀ tiwa, òdìkejì ni ètò náà. LAIF, àjọ̀dún tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìpolówó Nàìjíríà, AAAN, dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2006, ń fúnni ní ẹ̀bùn lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti jáde. Ṣùgbọ́n kí ìpolówó tó lè jáde rárá, ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ ARCON, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, ní láti wò ó kó sì fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ARCON sì ti ní kí ojú àti ohùn àjèjì kúrò nínú ìpolówó tí wọ́n bá ń gbé jáde ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ wa la rántí ìgbà tí ẹni tó ń polówó ọṣẹ fún wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jẹun ní ààfin Buckingham láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ènìyàn lè ní òfin ti pọ̀ jù, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó fojú sí: ohun tí ará ìlú fẹ́ wò ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ohun tí adájọ́ fẹ́ wò, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ní Èkó tàbí ní Cannes, àfi láti ìgbà tí São Paulo ti dójú tì wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fún DM9 ní ẹ̀bùn tí wọ́n gbà padà yẹn náà ni fíìmù kan gba Grand Prix ti fíìmù. Ìṣẹ́jú 17 ni. L'Oréal Paris ló ni ín, Ben Proudfoot ló darí rẹ̀, ó sì dá lórí Ilon Specht, obìnrin tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó ní ilé-iṣẹ́ McCann ní New York ní bíi àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọ̀dọ́bìnrin ni nígbà tó kọ gbólóhùn tí L'Oréal ṣì ń lò títí dòní, tí obìnrin fi ń sọ pé òun ń lo àwọ̀ irun tó wọ́n torí òun tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó yí i ká fẹ́ kí ọkùnrin ló máa sọ ọ̀rọ̀ náà nípa obìnrin. Inú bí i. Ó kọ ọ́ kí obìnrin sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Nínú fíìmù náà, ó ti darúgbó, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó ń sọ ìtàn náà, inú sì ṣì ń bí i sí àwọn ọkùnrin yẹn. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló kú. Kò mẹ́nu ba iye ẹni tó ra àwọ̀ irun, kò sì sẹ́ni tó bi í.